Kónílé-ó-gbélé: Kí Ló Wà Nínú Ilé?

Ọ̀rọ̀ kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì tán.

Ẹnu ọ̀nà wa ni àrùn Kòrónà gbà wọ Nàìjíríà. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n rí i lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan. Èkó ló gbà wọlé, ó sì dé Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ifọ̀ rárá. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ pé kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ní kí ti Ògùn dúró di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, kí ètò oúnjẹ lè wà nílẹ̀ ná.

Ìyẹn dáa. Àmọ́ owó wo lèèyàn á fi ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹni tó ń gbé Mowe àti Ibafo mọ bó ṣe ń rí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ń sùn, Èkó la ti ń jẹun. Kílẹ̀ tó mọ́, èrò ti kún etí ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n ń wá ọkọ̀ Berger. Bíríkìlà, télọ̀, onídìrí, awakọ̀, ìyá tó ń ta búrẹ́dì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà ni oúnjẹ dúró.

Ìjọba tún fi ọjọ́ kún ọjọ́. Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àfi àwọn tí iṣẹ́ wọn pọn dandan. Ó di oṣù Keje kí wọ́n tó gbé òfin yẹn kúrò. Ará Ìkẹjà lè lọ síbi iṣẹ́. Ará Ibafo wà lẹ́yìn ààlà.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú oṣù Kẹrin yẹn, ìbẹ̀rù olè gba àdúgbò kan, dé Agbádó níhà Ifọ̀. Àwọn ọkùnrin ń sun táyà, wọ́n ń ṣọ́ ilé mọ́jú.

Ẹ wá wo òkè òkun. Àṣẹ kan náà ni wọ́n pa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró, títí dé 2,500 pọ́n-ùn lóṣù. Amẹ́ríkà fi 1,200 dọ́là ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Níbí, 5,000 náírà lóṣù ni ètò ìrànwọ́ fún ìdílé tó tòṣì jù. Ààrẹ ní kí wọ́n fẹ ìwé orúkọ láti mílíọ̀nù 2.6 ìdílé sí mílíọ̀nù 3.6, nínú orílẹ̀-èdè tó lé ní mílíọ̀nù 200 èèyàn. Ìka ò dọ́gba. Ìlú ọlọ́rọ̀ lè yá owó ara rẹ̀ ná fáwọn ọmọ rẹ̀. Ìjọba tiwa ń wo ọwọ́ epo rọ̀bì, owó epo sì já wálẹ̀ lákòókò yẹn gan-an.

Àjọ ìṣirò NBS àti Báǹkì Àgbáyé pe àwọn èèyàn lórí fóònù láti mọ bí nǹkan ṣe rí. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn tó dé, 42 ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé, 79 ni owó tó ń wọlé fún wọn dín kù.

Ẹ̀yin ọmọ ìṣẹ̀ṣe, jíjókòó sílé kò ṣàjèjì sí wa. Bí Orò bá fẹ́ jáde, a máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Àwọn ìyá wa á ra nǹkan ọbẹ̀, wọ́n á pọnmi sílẹ̀. Wọ́n mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́ tó ń parí. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tá a bá ní kó gbélé, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó wà nílé rẹ̀.

A ò lè bá ìjọba pín dọ́là, àmọ́ a lè bá ara wa pín gàrí. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó ń jẹ àtọwọ́-dẹ́nu láàárín wa. Kí àpótí ẹbí wà tá ò ní fi náwó òde. Kí èlùbọ́, ẹ̀wà àti gàrí má wọ́n nílé olórí ẹbí, kí wọ́n sì kọ ẹni tó máa pín in sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìṣòro. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Kí Ọbalúayé fọwọ́ wọ́nú. Kí ilé wa má ṣófo. Àṣẹ.