Rọ́bà Ẹ̀rọ CPAP: Ibi Tí Wàhálà Rẹ̀ Ti Ń Wá àti Bí A Ṣe Lè Mú Un Rọrùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tí dókítà fún ní ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nímú lójú oorun, ló ń gbé e tì sí ẹ̀gbẹ́ yàrá láàárín oṣù díẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, ìbòmú ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi: wọ́n á ní ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn lójú, ó ń dá egbò sí àwọn nímú, omi ń ṣàn wọ imú àwọn lóru, àwọn ò sì lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀, bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, rọ́bà gígùn tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara ẹ̀rọ wá síbi ìbòmú ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó rọ́bà kò sún mọ́ ti ẹ̀rọ, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni yóò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí.

Ohun tí afẹ́fẹ́ náà ń ṣe

Tí a bá ti sùn, iṣan ara máa ń dẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú ọ̀fun. Lára àwọn kan, ahọ́n àti ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu á rọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á dí ọ̀nà tí èémí ń gbà. Èémí á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ọpọlọ á ta onítọ̀hún jí díẹ̀ kí ó lè mí, á tún sùn lọ, ọ̀fun á tún dí. Àwọn dókítà máa ń ka iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan: láti 5 sí 15, wọ́n á ní kò tíì le, láti 15 sí 30, ó ti ń le, tó bá ju 30 lọ, ó le gan-an. Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tó ń sùn lọ nídìí iṣẹ́ tàbí nídìí ọkọ̀ lójú ọ̀sán, tí orí sì ń fọ́ bó bá jí láàárọ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn máa ń bá àìsàn èémí dídúró lójú oorun yìí rìn.

Ẹ̀rọ CPAP ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé láìdáwọ́ dúró kí ọ̀fun má baà dí. Colin Sullivan, dókítà kan ní Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ròyìn ìtọ́jú yìí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 1981, lẹ́yìn tí wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn márùn-ún. Nígbà náà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ ìbòmú mọ́ imú, ariwo ẹ̀rọ sì pọ̀. Ẹ̀rọ ti kéré sí i látìgbà náà, ó sì ti dákẹ́ sí i. Rọ́bà ṣì wà níbẹ̀.

Agbára tí ẹ̀rọ fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sábà máa ń wà láàárín 4 sí 20 lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà omi. Afẹ́fẹ́ tó bá wà ní 10 lè ti omi sókè nínú páìpù tó dúró ṣánṣán dé gíga sẹ̀ǹtímítà 10, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára kékeré ni, ṣùgbọ́n ó tó gbé ọ̀fun dúró. Nítorí pé ó kéré, bí etí ìbòmú bá ṣí jù, ẹ̀rọ kò ní lè dí àlàfo náà, ọ̀fun á sì tún wó dí.

Bí rọ́bà ṣe ń fa ìbòmú

Rọ́bà tó wọ́pọ̀ jù gùn tó nǹkan bíi mítà 1.8, ihò inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 19. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí òrùka líle yí ká láti òkè délẹ̀, kí ó má baà fún pọ̀ bí èèyàn bá sùn lé e. Òrùka yìí ló ń gbà á lọ́wọ́ fífún pọ̀, òun náà ló sì ń mú kó yigì. Nítorí náà, bí ẹni tó wọ ìbòmú bá yíra, rọ́bà kì í tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣe ló máa ń fa ìbòmú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Etí ìbòmú á gbéra kúrò lára awọ ojú, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí ẹyinjú. Onítọ̀hún á fa okùn ìbòmú le kí ó má baà jò mọ́. Okùn tó le jù á mú kí ìbòmú tẹ egungun imú mọ́lẹ̀ títí yóò fi dá egbò síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ní ìbòmú náà kò dára, á lọ ra òmíràn, rọ́bà á sì tún fa ti tuntun náà bó ṣe fa ti àkọ́kọ́.

Ẹ lè mọ̀ lálẹ́ òní bóyá rọ́bà ló jẹ̀bi. Ẹ wọ ìbòmú, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń sùn gan-an. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, ẹ fi ọwọ́ gbé rọ́bà sókè díẹ̀ nítòsí ìbòmú, kí ìwúwo rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí jíjò náà bá dáwọ́ dúró, ìbòmú kò ṣẹ̀. Ẹ má ṣe fa okùn le mọ́. Ẹ wá ibi tí ẹ máa gbé rọ́bà kọ́.

Òkè orí ló dára jù. Ìkọ́ kan lára ògiri tàbí lára pákó orí ibùsùn, tó ga díẹ̀ ju ìrọ̀rí lọ, á gba ìwúwo rọ́bà kúrò lójú yín, kò sì ní jẹ́ kó lọ́ mọ́ ọrùn. Wọ́n ń ta ọ̀pá kan tí wọ́n ń ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù ibùsùn fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ ìkọ́ lásán náà á ṣe é. Ẹ má ṣe de rọ́bà mọ́ ìkọ́ pinpin. Ẹ jẹ́ kó lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, kí èyí tó wà láàárín ìkọ́ àti ojú yín sì gùn tó láti yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Kí ẹ tó pa iná, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wò. Bí ó bá fà nígbà tí ojú yín là, yóò fà nígbà tí ẹ bá sùn.

Ìbòmú púpọ̀ ní oríkèé tó ń yí níbi tí rọ́bà ti wọlé. Bí ìdọ̀tí bá ti mú un gan, ìbòmú ni yóò máa yí dípò rẹ̀, nítorí náà ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ tàbí tó ń yíra púpọ̀ tún lè béèrè ìbòmú tí rọ́bà rẹ̀ ń wọlé láti àtàrí dípò iwájú imú.

Rọ́bà tín-ín-rín wà, tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ó sì ń tẹ̀ lé orí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ti kéré láti 19 sí 15, ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń bá pàdé nínú rẹ̀ á ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ní ibi tí èèyàn ti ń yan irú rọ́bà tó ń lò, kí ẹ̀rọ lè fi kún agbára rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ rọ́bà tí ẹ kò sọ fún ẹ̀rọ, ohun tó ń dé imú yín lè má tó ohun tí dókítà kọ. Kí ẹni tí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ga kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó rà á. Rọ́bà tó gùn jù náà ń dín agbára kù, omi sì ń rí àyè já sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ra oní-mítà 3 bí 1.8 bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Omi tó ń já sínú rọ́bà

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti alẹ́ dòwúrọ̀ máa ń mú kí imú àti ọ̀fun gbẹ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ike omi kékeré kan tí iná ń mú gbóná, kí afẹ́fẹ́ lè gba orí omi náà kọjá, kí ó sì gbé ọ̀rinrin dání. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé omi ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Ní dígírì Celsius 30, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga lè gbé nǹkan bíi gíráàmù omi 30. Ní dígírì 18, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 15 lọ. Tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí bá wá ń gba inú rọ́bà tútù kọjá, omi tí kò lè gbé mọ́ á já sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú kí ìgò omi tí a gbé jáde láti inú fíríìjì máa làágùn.

Omi yìí á dúró síbi tí rọ́bà bá ti tẹ̀ wálẹ̀ jù. Afẹ́fẹ́ á máa gba àárín rẹ̀ kọjá, omi á máa hó, agbára afẹ́fẹ́ á máa lọ sókè sódò. Bí onítọ̀hún bá yíra, omi á ṣàn wọ imú rẹ̀, á sì ta á jí.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò náni ní kọ́bọ̀: ẹ gbé ẹ̀rọ síbi tó rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ, kí omi tó bá já lè ṣàn padà sínú ike rẹ̀. Kí ẹni tó gbé rọ́bà kọ́ sókè orí kíyè sí èyí: omi tó bá já láàárín ìkọ́ àti ìbòmú, ọ̀nà imú ni yóò ṣàn gbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti rí i pé apá ibẹ̀ kò tutù.

Ọ̀nà tó rọrùn láti ṣe é ni kí a fi aṣọ wọ rọ́bà. Wọ́n ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tó ní síìpù láti òkè délẹ̀. Télọ̀ àdúgbò náà lè fi aṣọ òtútù tó rọ̀ rán an. Kó má ṣe fún rọ́bà, kó má sì ṣe bo àwọn ihò kéékèèké tó wà lára ìbòmú. Ibẹ̀ ni èémí tí a mí síta ń gbà jáde, bí a bá sì dí i, èémí tí a ti lò ni a ó máa mí padà sínú.

Ọ̀nà kejì ni rọ́bà tó ń gbóná fúnra rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, iná ẹ̀rọ ló ń mú un gbóná, ooru afẹ́fẹ́ kì í sì í yí padà títí yóò fi dé imú. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, èèyàn lè yan láti dígírì 16 títí dé 30. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bá gbogbo ẹ̀rọ mu, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ dín ọ̀rinrin kù lórí ẹ̀rọ, ní díẹ̀díẹ̀, títí omi yóò fi dáwọ́ dúró tí imú kò sì ní gbẹ.

Ibi tí èèyàn ń gbé ló máa sọ èyí tó nílò. Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń pa ooru ilé lóru nígbà òtútù, ni omi ń dà láàmú jù. Aṣọ tàbí rọ́bà gbígbóná yẹ wọ́n. Ní Èkó, ẹni tí kò lo ẹ̀rọ amúlétutù lè má nílò ooru omi rárá lásìkò òjò, torí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi amúlétutù sí 18 ni yóò bá omi nínú rọ́bà láàárọ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, imú á gbẹ, ọ̀rinrin sì ní láti pọ̀ sí i.

Ooru omi àti ooru rọ́bà ló ń jẹ iná jù lára ẹ̀rọ yìí. Ní alẹ́ tí ẹ bá ń lo bátìrì tàbí inverter, ẹ pa méjèèjì kí ẹ fi aṣọ wọ rọ́bà. Bátìrì á pẹ́ sí i dáadáa. Bí iná bá lọ pátápátá tí ẹ̀rọ sì kú, ẹ bọ́ ìbòmú kúrò.

Ariwo

Bí òrùka rọ́bà bá ń ha igi ibùsùn tàbí tábìlì, ariwo rẹ̀ á gba inú rọ́bà dé etí. Aṣọ tó ń gbà á lọ́wọ́ òtútù á pa ariwo yìí náà, kò sì ní jẹ́ kí ike tútù kan ọrùn tàbí apá èèyàn lójijì. Bí ó bá ń súfèé, ẹ yẹ rọ́bà wò láti òpin kan dé èkejì, ó lè ti là. Ẹ má fi sẹ̀lótéèpù dí i; ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìtọ́jú rọ́bà

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ rọ́bà, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn kò ti ní pa á títí yóò fi gbẹ. Bó bá jẹ́ rọ́bà gbígbóná, ẹ rí i pé ibi tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ má lo bleach tàbí spirit, ẹ má sì ṣe fi Robb tàbí òróró olóòórùn sínú omi ẹ̀rọ, bí imú tilẹ̀ dí: inú ẹ̀dọ̀fóró ni afẹ́fẹ́ náà ń lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń polówó pé wọ́n ń fi gáàsì ozone tàbí iná UV fọ CPAP, pé gáàsì náà lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Omi àti ọṣẹ tó.

Rọ́bà kì í ṣe ohun tí a ń lò títí láé. Bó bá ti le gan, tó ti yí àwọ̀ padà tàbí tó ti là, ó ti tó pààrọ̀. Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń sanwó rọ́bà tuntun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú NHS ní Ìlú Ọba lè béèrè òmíràn lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó fún wọn ní ẹ̀rọ.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lò ó fún òru bíi mẹ́ta, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ síbi tó rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ, kí ẹ gbé rọ́bà kọ́, kí ẹ tó wá dẹ okùn ìbòmú. Bí omi bá ṣì ń já, ẹ fi aṣọ wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ tó ronú owó rọ́bà gbígbóná tàbí tín-ín-rín, tàbí ti ìbòmú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ìtura yìí kì í ṣe àṣejù. Ní Amẹ́ríkà, Medicare kì í tẹ̀ síwájú láti sanwó ẹ̀rọ bí ẹni tuntun kò bá lò ó fún wákàtí 4 ó kéré tán lóru, ní ìdá 70 nínú 100 òru láàárín ọjọ́ 30 tó tẹ̀ léra, nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tí rọ́bà ń fà lójú kò ní lè sùn dé wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀fun sì ń dí lóru tí a kò bá wọ ẹ̀rọ, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó. Bí bàbá, ìyá tàbí ọ̀rẹ́ yín bá ti pa tirẹ̀ tì, ẹ má bá a jà. Ẹ wọ yàrá rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí rọ́bà náà gbà kọjá, kí ẹ sì bá a kan ìkọ́ kan mọ́ ògiri.