Pírójẹ́kítọ̀ Tuntun àti Àmì Ohùn Yorùbá

Etí àbúrò mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Yorùbá là ń sọ nílé wa ní Àtàn-Ọ̀tà, ẹnu wa ló sì ń wò tó fi ń mọ ohun tí a sọ. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ wo fíìmù Yorùbá ní sinimá, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán ló ń kà. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí wọn ò kọ Yorùbá síbẹ̀?”

Nígbà tí Hubert Ogunde, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, gbé fíìmù Aiyé jáde ní 1979, orí ọ̀já ike gígùn ni àwòrán wà. Iná pírójẹ́kítọ̀ ń tàn gba inú ọ̀já náà kọjá, àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti tẹ̀ mọ́ ọ̀já kò ṣeé yọ mọ́. Èdè méjì, ọ̀já méjì nìyẹn, ọ̀já sì wọ́n.

Lónìí, fáìlì ni sinimá ńlá ń lò. DCP ni wọ́n ń pe àkójọ rẹ̀. Àwòrán dá dúró nínú rẹ̀, ohùn dá dúró, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà sì lè dá dúró. Fíìmù kan náà lè ní Gẹ̀ẹ́sì, kó ní Faransé fún àwọn ará wa ní Kétu àti Sàkétè, kó sì ní Yorùbá.

Wàhálà tó kù wà lára lẹ́tà. Nínú Unicode, ‘ẹ’ jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ‘ẹ́’ kò ní ẹyọ tirẹ̀. ‘Ẹ’ àti àmì òkè ni wọ́n ń so pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ ìsopọ̀ yìí á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé àpótí òfo jáde. Ẹni tó bá wá torí ìyẹn yọ gbogbo àmì á kọ “Oba wo ilu”. Ṣé ọba wọ ìlú ni, àbí ọba wo ìlù? Ẹni tó ń gbọ́ á mọ̀. Àbúrò mi kò ní mọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pírójẹ́kítọ̀ kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀, tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé, ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tí a kọ́ ní kíláàsì fònẹ́tíìkì nìyẹn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fíìmù kan. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe é, kó wá mi wá ní ẹ̀ka wa.