Bébà Wo Ni Ó Yẹ Káàdì Àjọ?

Ní ọdún tí ó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn ìyá oníṣòwò kan ní Lomé fẹ́ tẹ káàdì àjọ tuntun. Òǹtẹ̀wé fi bébà méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan ń dán bíi dígí, èkejì rí bí ìwé lásán. Gbogbo wọn yan èyí tí ń dán. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé wọn náà fọwọ́ sí i.

Kò pé oṣù méjì tí ìjà fi dé. Ìyá kan ní ìgbà mẹ́sàn-án ni òun ti dá àjọ, ṣùgbọ́n méje ni ó hàn lórí káàdì rẹ̀. Òógùn àti ìka ti pa ohun tí a fi báírò kọ rẹ́. Ìwé ìṣirò mi, tí bébà rẹ̀ kò dán, ni ó gbà wá: mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀.

Bébà tí ń dán ní ìbora lójú. Ẹfun tàbí amọ̀ funfun tí a lọ̀ kúnná ni a sábà máa ń fi pa á. Ìbora yìí kì í jẹ́ kí yíǹkì rì. Nítorí náà ni àwòrán fi ń tàn lórí rẹ̀, tí ó sì dára fún kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n òkè náà ni yíǹkì báírò ń wà, ìka a sì nù ún kúrò. Bébà tí kò ní ìbora ń mu yíǹkì bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu omi. Òun ni ó yẹ fún káàdì àjọ, rìsíìtì, àti ìwé tí àgbà fi ń kọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Kì í sì í dá ìmọ́lẹ̀ àtùpà padà sójú ẹni tí ń kàwé lálẹ́.

Ẹ tún bèèrè ìwọ̀n rẹ̀. Gíráàmù ni àwọn òǹtẹ̀wé fi ń sọ ọ́. Bébà ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ 80. Bí ó bá jẹ́ 80 lóòótọ́, dì kan tí ó ní ewé A4 500 yóò wọn nǹkan bí kílò méjì àbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣùwọ̀n lọ́jà, ẹ gbé e lé e kí ẹ wò ó. Fún káàdì, 200 sí 250 ni ó tọ́.

Bébà ìwé ìròyìn fúyẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n oòrùn kì í pẹ́ sọ ọ́ di pípọ́n. Togo-Presse, tí ó kọ́kọ́ jáde ní Lomé ní ọdún 1962, kò nílò ju irú rẹ̀ lọ, nítorí ìròyìn ọjọ́ kan ni. Òfin ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀.

Òkun sì wà nítòsí wa. Bébà ń mu ọ̀rinrin, ó ń ká kò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ. Kí ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a óò tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a padà lọ tẹ káàdì mìíràn, ìyá ọjọ́sí ni ó ṣáájú wa. Ó gba àjákù bébà lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó dúró díẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tí ó tutù rà á. Orúkọ náà kò kúrò. Ó ní, “Èyí ni kí ẹ tẹ̀ fún wa.”