Orúkọ, Ìdánimọ̀ àti Ojúlé: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Àtúnṣe Àká Ìsọfúnni láti Ojú Ìlà Àṣẹ

Ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Mápó àti ní Bẹyẹrunka, ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń gbà tọ́ka sí ilé kan. Èkíní ni orúkọ agboolé, èyí tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ tí wọ́n sì ń pè. Èkejì ni nọ́ńbà tí ìjọba ìlú kọ sí ara ògiri: lẹ́tà tí ó dúró fún ẹkùn ìlú, bí E, N, S tàbí SW, tí nọ́ńbà kan tẹ̀ lé, tí ìlà tí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan (/) sì yà á kúrò lára nọ́ńbà mìíràn. Ẹ̀kẹta ni àpèjúwe ọ̀nà: kí àlejò gba iwájú Gbọ̀ngàn Mápó kọjá, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó yà sí ọwọ́ òsì. Bí a bá la títì tuntun, àpèjúwe ọ̀nà a yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ agboolé kò yí, nọ́ńbà ara ògiri náà kò sì yí. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí yóò pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ó ti rọrùn láti pa wọ́n pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'orúkọ', ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí olùtumọ̀ lẹ́nu.

Dátábéèsì ni a ń pè ní àká ìsọfúnni níhìn-ín, nítorí pé inú àká ni àgbẹ̀ ń kó ìkórè rẹ̀ pamọ́ sí létòlétò. Àká ìsọfúnni kì í dá dúró. Fáìlì ni ó ń kó ẹrù rẹ̀ sí, ó sì ní àkọsílẹ̀ kan tí ó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Ibi náà ni ojúlé. Àkọsílẹ̀ tí ó darí wa sí i ni ìtọ́ka. Bí ẹnì kan bá gbé fáìlì kúrò ní àyè rẹ̀ láìfi tó àká létí, ìtọ́ka yóò máa nawọ́ sí ojúlé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ẹrù kò sọnù rárá. Ọ̀nà tí ó dé ìdí rẹ̀ ni ó já. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àṣẹ kan tí àwọn tí ń bójú tó àká Oracle mọ̀ dáadáa, èyíinì ni ALTER DATABASE RENAME FILE. Olùtumọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé ojú ọ̀rọ̀ yóò sọ pé àṣẹ náà 'ń yí orúkọ fáìlì padà'. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣẹ náà kò fọwọ́ kan fáìlì rárá. Inú fáìlì adarí, níbi tí Oracle kọ gbogbo ìtọ́ka rẹ̀ sí, nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí fáìlì fúnra rẹ̀ ní orúkọ mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àṣẹ ẹ̀rọ yí i padà ní tirẹ̀. 'Yí ìtọ́ka padà' ni ó yẹ kí Yorùbá pè é, ìtumọ̀ Yorùbá yóò sì pé ju orúkọ tí àṣẹ náà ń jẹ́ lọ.

Irinṣẹ́ kejì, tí a ń pè ní nid, tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àká Oracle kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní ìdánimọ̀ oní-nọ́ńbà, èyí tí a kọ sínú fáìlì adarí àti sí orí gbogbo fáìlì ẹrù rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àmì kan náà sàmì sí ara gbogbo màlúù inú agbo. Bí a bá lo nid láti yí orúkọ nìkan padà, àwọn ẹ̀dà tí a ti ṣe pamọ́ tẹ́lẹ̀ wúlò síbẹ̀. Bí a bá lò ó láti yí ìdánimọ̀ padà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà wọ̀nyẹn tí ó tún wúlò fún àká náà mọ́, nítorí pé àmì ara wọn ti di ti àká mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi 'orúkọ' kọ́ ní méjèèjì yóò ti sọ ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀ di òfo kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe.

Ní ti PostgreSQL, tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ìdánimọ̀ tí ń jẹ́ OID, fáìlì tí tábìlì náà ń gbé sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí dísìkì. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tábìlì sílẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì sábà máa ń jọra, ìjọra náà sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí a bá pàṣẹ VACUUM FULL tàbí TRUNCATE, tábìlì a kó lọ sínú fáìlì tuntun, nọ́ńbà fáìlì a sì yí padà, ṣùgbọ́n OID dúró gbọn-in. Irinṣẹ́ oid2name wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ tábìlì tí ó ni fáìlì kan.

Irú ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1991 ni wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ ìgboro ìlú náà sí márùn-ún, Mápó sì bọ́ sí abẹ́ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Kò sí ilé kan tí ó ṣípò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìwé tí a bá tò sí abẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ àtijọ́ ti di ìwé tí ojúlé rẹ̀ kò bá ìjọba tí ó wà lóde mu mọ́. Ẹni tí ó bá fi ojúlé ṣe ìdánimọ̀ yóò tún gbogbo ìwé rẹ̀ kọ. Ẹni tí ó bá fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìdánimọ̀ tirẹ̀ kò ní ju kí ó tún ìtọ́ka ṣe lọ.

Wàyí o, kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Kí a gbà pé ilé ìkàwé kan ya àwòrán ìwé ilẹ̀ àti ìwé àwọn agboolé àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a dárúkọ lókè sínú kọ̀ǹpútà, pé orúkọ àdúgbò ni wọ́n fi sọ fáìlì, àti pé àká SQLite kan ni ó ń tọ́jú ojúlé àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá wá béèrè ìwé ilẹ̀ baba wọn, tí ẹ̀rọ sì dáhùn pé kò sí, ìdáhùn náà lè bá wọn dé ilé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà wà níbẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè sọ pé kò sí? Kọ̀ǹpútà kì í wo lẹ́tà, báìtì ni ó ń wò. Nínú ìlànà UTF-8, a lè kọ lẹ́tà ẹ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo tí báìtì rẹ̀ jẹ́ E1 BA B9. A sì lè kọ e lásán, kí àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ó jẹ́ 65 CC A3. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Bí a bá tún fi àmì ohùn òkè lé e, ọ̀nà a pọ̀ sí i, nítorí pé ẹlòmíràn a ti é tí ó ti ní ohùn lórí bẹ̀rẹ̀, a sì wá fi àmì abẹ́ sí i. Bí SQLite bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, báìtì ni ó fi ń wé báìtì, àfi bí a bá pa àṣẹ mìíràn fún un. Ètò fáìlì HFS+ tí Apple lò fún ọ̀pọ̀ ọdún a máa tú àmì kúrò lára lẹ́tà kí ó tó tọ́jú orúkọ fáìlì. Ext4 ti Linux a máa gba báìtì bí a bá ṣe gbé e fún un. Nítorí náà, bí àwòrán bá ti orí ẹ̀rọ kan dé orí èkejì, orúkọ 'Bẹẹrẹ' inú àká àti orúkọ 'Bẹẹrẹ' orí dísìkì lè di àjèjì sí ara wọn.

Àmì ìpajẹ inú 'Ọjà'ba' tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní ojú ìlà àṣẹ, àmì yìí ni ó ń ṣí ọ̀rọ̀ tí ó sì ń pa á dé. Ẹni tí ó bá tẹ orúkọ ọjà náà bẹ́ẹ̀ lásán yóò rí i pé ẹ̀rọ kò dáhùn. Ó fi àmì > lélẹ̀, ó ń retí àmì ìpadé. Nínú SQL, ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò kọ ọ́: 'Ọjà''ba'. Nọ́ńbà ara ògiri pàápàá kò lè jẹ́ orúkọ fáìlì bí ó ṣe wà, nítorí pé ìlà tí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni Linux fi ń ya àpò fáìlì kan kúrò lára èkejì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ó kàn ń fẹ́ sùúrù. Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àká àti ti àwọn fáìlì, kí a sì fi ojúlówó sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Kí a fi hex() wo báìtì ojúlé inú àká, kí a fi xxd wo ti orí dísìkì, kí a gbé wọn síra. Àṣẹ PRAGMA integrity_check yóò sọ bóyá ara àká fúnra rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa fáìlì tí ó wà lóde. Àní ìtọ́ka láti tábìlì kan sí èkejì kò sí lára ohun tí ó ń yẹ̀ wò, PRAGMA foreign_key_check ni a dá fún ìyẹn. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé orúkọ fáìlì ni ó yapa, irinṣẹ́ convmv lè sọ gbogbo wọn di irú kan. Ohun tí ó dára lára rẹ̀ ni pé àfihàn lásán ni ó ń ṣe: ohun tí ìbá ṣe ni ó ń tò sílẹ̀, kò sì ní yí ohunkóhun padà títí a ó fi kọ --notest sí àṣẹ náà. Bí ó bá jẹ́ inú àká ni àṣìṣe wà, kí BEGIN ṣíwájú UPDATE, kí a ka iye ìlà tí ó yí padà, kí a sì fi ROLLBACK dá a padà bí iye náà kò bá tọ́.

Ibì kan wà tí convmv kò lè ràn wá lọ́wọ́. Àwọn kan ń fi ìlà òòró kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò tó. Ní ti ẹ̀rọ, àmì méjèèjì yàtọ̀ pátápátá, kò sì sí ìlànà ìmúdọ́gba tí yóò sọ wọ́n di ọ̀kan. Kí àwọn atẹ̀wé àti àwọn olùkọ́ yan ọ̀kan, kí wọ́n sì dúró tì í.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú bọ́ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ fáìlì kí àlàáfíà lè wà. Ìmọ̀ràn yìí kò dára. Bí ilé ìkàwé kan náà bá ní àwòrán ọkọ́ àgbẹ̀, ti ọ̀kọ̀ jagunjagun, ti ọkọ̀ ojú irin àti ti oko, 'oko' ni gbogbo wọn yóò di. Bí a bá kó wọn sínú àpò kan náà, èyí tí ó dé kẹ́yìn lè pa àwọn tí ó ṣáájú rẹ́, ìyẹn sì ti kọjá ìtọ́ka tí ó já; ẹrù gan-an ni ó lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí orúkọ wà nínú àká pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí nọ́ńbà lásán jẹ́ ìdánimọ̀, kí a sì fi nọ́ńbà yìí sọ fáìlì. Nínú SQLite, kí a kéde nọ́ńbà náà ní INTEGER PRIMARY KEY. Bí a kò bá kéde rẹ̀, VACUUM lè tún nọ́ńbà àwọn ìlà tò, ìwé Bẹẹrẹ a sì máa tọ́ka sí àwòrán Bẹyẹrunka.