Àjà Tí Òyìnbó Kàn Ní Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé mi bẹ̀rẹ̀, nítorí inú pálọ̀ mi ní Muṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ mi obìnrin kejì mú lẹ́tà kan wá bá mi lálẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ti gbà mí sí pólì. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n fún mi." Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Mo gba lẹ́tà náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dá a padà fún un. Mo ní, "Pólì kẹ̀? Lọ tún ìdánwò JAMB ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, kí o lè wọ yunifásítì."

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀! Ẹni tí ó la ẹnu sọ èyí, HND ni òun fúnra rẹ̀ ní, iṣẹ́ iná mànàmáná náà sì ni ó kọ́. Ìyá ọmọ náà wò mí, ó mi orí, ó gba ilé ìdáná lọ. Ọmọ náà kò sunkún. Ìbéèrè ni ó bi mí, n ó sì padà dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún méjì ni mo fi gba OND. Mo fi ọdún kan ṣiṣẹ́ kọ́ṣẹ́ bí òfin ti wí, mo tún padà lọ lo ọdún méjì fún HND. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún márùn-ún gbáko ni. Ní ọdún 1987, ọ́fíìsì ìjọba kan gbà mí sí iṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gba dìgírì rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin jọ wọlé. Wọ́n fi òun sí ipele 08, wọ́n fi èmi sí ipele 07. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ ìwé gan-an ni, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń fi tẹ́sítà wá ibi tí iná gbé ń bọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n" ni ó ń pè mí.

Ìgbà tí mo dé ipele 14, mo bá àjà. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ní HND máa ń dúró sí nígbà náà, bí ó tilẹ̀ lè fi ìka ọwọ́ rẹ̀ fa iná jáde láti inú òkúta. Àbúrò mi yìí kọjá lórí mi, ó ń lọ, ó di ọ̀gá mi. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ó wá bá mi ní yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Kí ni mo fẹ́ bínú sí i fún? Òun kọ́ ni ó ṣe òfin. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà.

Ta wá ni ó ṣe òfin náà? Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2022 ni mo ti ń wá ìdí rẹ̀ nínú ìwé, ẹsẹ̀ mi sì tún ń gbé mi padà sí Yábàá ni.

Kí á tó dé Yábàá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn dókítà. Láti nǹkan bí ọdún 1859 ni ọmọ Adúláwọ̀ ti ń gba ìwé-ẹ̀rí dókítà nílùú Òyìnbó. James Africanus Horton, ọmọ Sàró, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1902, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe Òyìnbó kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ilé-ìwé kan náà, ìdánwò kan náà, ìwé-ẹ̀rí kan náà! Ẹ rántí èyí, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ bí ẹ̀kọ́ ti jinlẹ̀ tó ni.

Nígbà tí ó di ọdún 1930, E. R. J. Hussey, Òyìnbó tí ó jẹ́ olórí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, gbé ètò ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kalẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1932, Gómìnà Donald Cameron sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Yábàá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934. Higher College ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń kọ́ni ní ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ wíwọ̀n àti iṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, kí á má parọ́. Ṣùgbọ́n dípúlómà tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀, bí o bá ti kọjá ẹnu ibodè Nàìjíríà, bébà lásán ni. Nílé pàápàá, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn jáde di olùrànlọ́wọ́ dókítà, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ di olùrànlọ́wọ́ ẹnjiníà. Olùrànlọ́wọ́ ta ni? Òyìnbó tí ó wà lókè rẹ̀ ni. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Bí wọ́n ti gbé ètò ọ̀hún kalẹ̀ nìyẹn.

Ara Èkó kò gbà á. Ní ọdún 1934 kan náà, Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akisanya kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Yábàá yìí sì ni ó bí i. Ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Nigerian Youth Movement ní ọdún 1936. Nígbà tí ó di ọdún 1938, wọ́n gba gbogbo ìjókòó mẹ́ta tí Èkó ní nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nítorí ìwé-ẹ̀rí ni o! Mo fẹ́ràn àwọn bàbá wọ̀nyí.

Ẹ má sì rò pé òpè ni àwọn tí ó jáde níbẹ̀. S. O. Awokoya, mínísítà tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn dúró ní ọdún 1955, Yábàá ni ó ti jáde. T. M. Aluko, ẹnjiníà tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, Yábàá ni. Àwọn méjèèjì ṣì ní láti wá dìgírì London kún tiwọn.

Ní ọdún 1948, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé Yábàá lọ sí Ìbàdàn láti fi dá yunifásítì sílẹ̀ lábẹ́ London. Ọgbà tí wọ́n fi sílẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, òun ni ó di College of Technology ní ọdún 1963. Dìgírì bá Ìbàdàn lọ, dípúlómà jókòó sí Yábàá. Ìgbà tí ó di ọdún 1962, wọ́n tún dá yunifásítì tí ó wà ní Akoka sílẹ̀, kò jìnnà rárá. Ẹni tí ó bá wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa níwájú Yabatech lè má tíì jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán tí yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, àárín méjèèjì jìn ju Èkó sí Kánò lọ.

Òyìnbó ti lọ láti ọdún 1960. Kò sí ẹnikẹ́ni láti London tí ó dúró ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Àwọn fúnra wọn, ní ọdún 1992, sọ àwọn pólì tiwọn di yunifásítì. Ghana bẹ̀rẹ̀ sí sọ tiwọn di yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún 2016. Àwa ńkọ́? Léraléra ni wọ́n ń gbé àbá òfin lọ síwájú ilé aṣòfin l'Ábújá lórí HND àti dìgírì. Mo ti fi etí mi gbọ́ ọ lórí rédíò títí ó fi sú mi. Mo máa ń bú wọn, mo ní wọn kò ní ojú àánú. Àfi ìgbà tí ọmọ mi mú lẹ́tà wá, tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

Ìbéèrè tí ó bi mí nìyí. Ó ní, "Bàbá mi, ta ni ó fa wáyà ilé yìí?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Bí tiransifọ́mà àdúgbò bá bú, ta ni wọ́n máa ń wá kan ilẹ̀kùn fún?"

"Èmi náà ni."

"Èwo wá ni ẹ ní kò tó, ṣé ohun tí ẹ mọ̀ ni, àbí bébà yẹn?"

N kò fèsì. Mo ní kí ó lọ sùn.

Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ó gbọ́dọ̀ san owó tí wọ́n fi ń gba àyè. Mo ti lọ gba owó náà ní báńkì ní Ojúwoyè láti ọjọ́ Ajé. Ó wà nínú àpò bùbá mi tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ náà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ náà mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì bá mi dárúkọ rẹ̀.