Owó ọjà kì í ṣe owó iléèwé: Ibi tí àwọn oníṣòwò Ọ̀tà ti lè rí ìrànwọ́ fún ọmọ tó fẹ́ẹ́ wọ yunifásítì

Ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì máa ń mú ayọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ní ilé ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Ọ̀tà, Sàngó àti Ìyànà Ìlógbò, ayọ̀ yẹn kì í pẹ́ di ìrònú. Kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ fi san owó iléèwé? Ibi tí ojú òbí kọ́kọ́ máa ń lọ náà ni ṣọ́ọ̀bù. Wọn á kó owó tí wọ́n fi ń ra ọjà, wọn á kó o fún iléèwé, wọn á ní Ọlọ́run á pèsè òmíràn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Ká ní ìyá kan ń ra ike àti ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó wà l'Ọ́tà, tó ń lọ tà á ní Sàngó. Ojú owó rẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà, ó sì ń jèrè 60,000 lóṣooṣù. Bó bá yọ 300,000 nínú rẹ̀ fún owó iléèwé, ìdajì ọjà ló kù, èrè náà á sì di 30,000. Ilé tó ń fi 60,000 jẹun tẹ́lẹ̀ kò lè fi 30,000 jẹun, nítorí náà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bu ojú owó tó kù jẹ. Nígbà tí iléèwé bá fi máa béèrè owó ọdún kejì, ṣọ́ọ̀bù lè má sí mọ́.

Bẹ́ẹ̀, owó wà níta tó jẹ́ pé torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á sọ́tọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni sikọ́láṣíìpù, tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí pé ó mọ̀wé. Ìkejì ni owó ìrànwọ́, tí wọ́n ń fún un nítorí ìlú tó ti wá tàbí nítorí pé ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ kò tó o. Ìkẹta ni ẹ̀yáwó. Ẹ̀bùn ni méjì àkọ́kọ́. Gbèsè ni ìkẹta, bó ti wù kó rọrùn tó.

Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé

Ẹ̀yáwó yìí ló rọrùn jù láti rí, òun ló sì yẹ kí òbí kọ́kọ́ yé. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu òfin tuntun tó dá NELFUND sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ojú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ti ọdún 2023 tó ṣáájú rẹ̀ ní owó tó ń wọlé fún ìdílé ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, ó sì ní dandan ni kó mú onídùúró wá. Òfin tuntun ti yọ méjèèjì kúrò.

Àjọ náà máa ń san owó iléèwé tààrà fún iléèwé, kì í gba ọwọ́ òbí kọjá. Ọmọ tó bá fẹ́ owó oúnjẹ pẹ̀lú lè béèrè fún 20,000 náírà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni ìyẹn náà. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò sì máa yọ. Ẹni tó bá dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ náà yóò máa san ìdá mẹ́wàá nínú èrè rẹ̀.

Ká ní 100,000 náírà ni owó iléèwé lọ́dún, tí ọmọ sì yá a fún ọdún mẹ́rin. Gbèsè rẹ̀ jẹ́ 400,000. Bó bá ríṣẹ́ tí wọ́n ti ń san 100,000 lóṣù, 10,000 ni wọn yóò máa yọ, oṣù 40 ló sì máa fi san án tán. Láàárín gbogbo àkókò yìí, ojú owó ìyá rẹ̀ kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn ará Ọ̀tà fi sọ́kàn. Iléèwé ìjọba nìkan ni ẹ̀yáwó yìí wà fún. Ọmọ tó bá wà ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, ní yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ní póli ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ílaró lè gbà á. Kò kan Covenant àti Bells tí wọ́n wà l'Ọ́tà níbí, nítorí pé iléèwé aládàáni ni wọ́n.

Ọdún àkọ́kọ́ ni sikọ́láṣíìpù ti ń bẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe ni pé owó bá tán kí wọ́n tó máa wá sikọ́láṣíìpù kiri. Sikọ́láṣíìpù kì í dúró de ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ti MTN Foundation fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní iléèwé ìjọba. Ọmọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ti dé ọdún kẹta, máàkì àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 3.5. Ọmọ tó bá fi ọdún àkọ́kọ́ ṣeré ti pàdánù rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde. PTDF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ iṣẹ́ epo rọ̀bì, náà máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sikọ́láṣíìpù.

Owó ìrànwọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀. Ará Ọ̀ṣun, Èkìtì, Kwara àti Èkó pọ̀ ní Sàngó, kí wọ́n má kàn jókòó máa retí ìjọba Ògùn. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ baba ọmọ náà ni kí wọ́n tètè gbà, kí wọ́n sì béèrè ohun tó wà ní ìpínlẹ̀ wọn. L'Ékòó, fún àpẹẹrẹ, àjọ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ sikọ́láṣíìpù nìkan ni tirẹ̀.

Ọ̀nà Àgbárá

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ gba yunifásítì kọjá. Láti ọdún 2011 ni iléeṣẹ́ Nestlé ti ṣí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ kan sí Àgbárá, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Oṣù 18 ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ẹ̀rọ àti iná mànàmáná lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí City & Guilds ti ìlú London. Ní àgbègbè tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí bí Ọ̀tà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ náà. Bí òṣìṣẹ́ yín bá jẹ NELFUND lówó, ẹ̀yin ni òfin ní kẹ́ ẹ máa yọ ìdá mẹ́wàá yẹn nínú owó oṣù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́. Bákan náà, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ló yẹ kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1971 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń san án déédéé, tó sì ń rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ bí àjọ náà ṣe fẹ́, lè gbà tó ìdajì owó náà padà.

Ẹ tún orúkọ ṣe, ẹ sá fún gbájúẹ̀

Ohun tó máa ń dá fọ́ọ̀mù padà jù kò ju orúkọ lọ. Bí orúkọ ọmọ bá yàtọ̀ nínú NIN, nínú ìwé JAMB àti ní báǹkì, ọ̀rọ̀ á lọ́jú pọ̀. Kí ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB ló yẹ kẹ́ ẹ ti tún un ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kí sikọ́láṣíìpù tó jáde, gbájúẹ̀ ni. NELFUND kì í gba kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù. Ẹ má sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín han ẹnikẹ́ni.

Èyí tí gbogbo ìrànwọ́ yìí kò bá ká, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àjọ lè gbé e, bí òbí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní SS1. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa yọ ọ́ nínú èrè. Kí ó má fọwọ́ kan ojú owó, nítorí pé ọjà yẹn náà ló máa gbé àbúrò rẹ̀ lọ síléèwé.