Ìdí Tí Inú Fírísà Fi Ṣókùnkùn

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí fíríìjì nínú ilé kan ní Kumasi, ní Ghana, lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, iná kékeré kan á tàn lójú ẹsẹ̀, á sì rí ìkòkò ọbẹ̀ àná, tòmátì àti ìgò ata ṣítò níbi tí wọ́n wà. Bó bá wá ṣí fírísà tó wà lórí fíríìjì yẹn kan náà, òkùnkùn ló sábà máa ń bá pàdé. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe méjèèjì, wáyà kan náà ló ń gbé iná wá fún wọn. Ohun tí mo rí sí i ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í ṣe pẹ̀lú òtútù rárá. Iye ìgbà tí ọwọ́ ń kan ilẹ̀kùn ló fà á, àti ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ yàrá ń gbà wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé òtútù kò ní jẹ́ kí gílóòbù ṣiṣẹ́, tàbí pé ooru gílóòbù á yọ́ yìnyín. Gílóòbù àtijọ́ kò bìkítà fún òtútù, iná LED ayé òde òní sì ń ṣe dáadáa nínú òtútù ju nínú ooru lọ. Àwọn fírísà onígíláàsì tí wọ́n fi ń pàtẹ áísíkiriìmù ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ń tan iná látàárọ̀ dalẹ́, ohun tó wà nínú wọn sì dì gbagidi. Ní ti ooru àti owó iná, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gílóòbù wáàtì 15 ni, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn nígbà 30 lójúmọ́, ìṣẹ́jú àáyá 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló máa tàn lójúmọ́. Á gbà á ní 400 ọjọ́ kó tó jẹ yúníìtì kan tán nínú mítà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń rọ́ wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ń ba yìnyín jẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Àwáwí kan ṣoṣo tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti yìnyín tó máa ń dì mọ́ ògiri fírísà àtijọ́, tó lè bo gílóòbù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fírísà tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ ti wà tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ò sì ní iná.

Owó ló kù. Yàtọ̀ sí gílóòbù, wáyà wà níbẹ̀, bọ́tìnnì kékeré sì wà tí ilẹ̀kùn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá ti padé, kí iná lè kú. Iye tí èyí ń ná ilé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ì báà jẹ́ fíríìjì ì báà jẹ́ fírísà. Àǹfààní rẹ̀ ni kò dọ́gba. Robert Frank, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2007: à ń ṣí fíríìjì ju fírísà lọ, nítorí náà iná inú fíríìjì ń tètè pa owó rẹ̀. Olówó tí ìnáwó díẹ̀ kò dùn ló ń ra èyí tó ní iná nínú méjèèjì.

Àwọn ìyá tó ń ta ẹja tútù àti adìyẹ dídì ní Kumasi lè sọ pé irọ́ ni, nítorí àwọn a máa ṣí fírísà nígbà àìmọye lójúmọ́, síbẹ̀ inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ fírísà tiwọn dùbúlẹ̀ ni, òkè ni ìdérí rẹ̀ ń ṣí sí, iná ṣọ́ọ̀bù tàbí oòrùn sì ń dà sínú rẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá dúró níwájú fíríìjì ló ń fi ara rẹ̀ dínà ìmọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ńṣe ni wọ́n ń to páálí ẹja lé ara wọn. Ìpele òkè nìkan ni iná lè fi hàn, ọwọ́ ló ń wá ìyókù. Nígbà tí dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, le gan-an ní 2015, gílóòbù kankan kò lè ran ọlọ́jà lọ́wọ́. Kí wọ́n má ṣí i rárá ló dára jù, torí fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú lè mú ẹrù rẹ̀ dúró ní dídì fún nǹkan bí wákàtí 48 bí a kò bá ṣí i, nígbà tí fíríìjì kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Síbẹ̀, mi ò rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe fírísà fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ìṣirò wọn bá ilé tí wọ́n ti ń ṣí fírísà lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ mu. Kò bá ọjà Kumasi mu, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà jálẹ̀ ọdún tí ọjà sì ń lọ lẹ́yìn náà, tí ìyá ẹlẹ́ja ń fi ọwọ́ kan gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù, tó ń fi ọwọ́ kejì tú páálí, tí ìdérí wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà yẹn. Iná LED kékeré lára ìdérí, irú èyí tí àwọn fírísà kan ti ní báyìí, á dín ìwákiri yẹn kù. Ghana ti fi hàn pé òun lè sọ irú fíríìjì tí òun ń fẹ́: òfin 2008 fi òpin sí kíkó àlòkù fíríìjì wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un ní 2013, tuntun sì gbọ́dọ̀ ní àmì ìràwọ̀ tó ń sọ bó ṣe ń jẹ iná sí. Ilé iṣẹ́ tó lè lẹ ìràwọ̀ yẹn mọ́ fírísà nítorí òfin lè fi gílóòbù kan sí i nítorí ẹni tó ń fi í jẹun.